Mo to búlọ́ọ̀kù méje sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀sì mi, àwọn ọmọ kò rí ẹyọ kan

OlókoKàbà · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀.

Ìmọ̀ ọ̀gbìn ni mo ń kọ́ ní iléèwé gíga kan lágbègbè Kàbà. Akẹ́kọ̀ọ́ 140 ló wà nínú kọ́ọ̀sì mi lórí ilẹ̀ àti ajílẹ̀, orí Moodle la sì gbé e sí láti sáà tó kọjá. Nígbà ìsinmi Àjíǹde mo jókòó ti láptọ́ọ̀pù, mo ní n ó tún ojú kọ́ọ̀sì náà ṣe kó wu ojú. Mo tan Edit mode, mo wá ń to búlọ́ọ̀kù: kàlẹ́ńdà, ìkéde tuntun, iṣẹ́ tó ń bọ̀, àwọn tó wà lórí ìlà lọ́wọ́, àti búlọ́ọ̀kù Text mẹ́ta tí mo fọwọ́ ara mi kọ ọ̀rọ̀ sí. Ọ̀kan ní ọjọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọlé, èkejì ní ìwé tí wọ́n máa kà lọ́sẹ̀ náà, ẹ̀kẹta ní wákàtí tí wọ́n lè bá mi ní ọ́fíìsì. Méje lápapọ̀. Ìyàwó mi kọjá lẹ́yìn mi, ó dúró wò ó, ó ní èyí jọ ti òyìnbó. Inú mi dùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹ kó wọlé lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Nínú 140, àwọn 51 ló fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo bínú wọ kíláàsì lónìí. Mo ní ta ni kò rí ọjọ́ tí mo kọ síbẹ̀? Ọwọ́ lọ sókè yí kíláàsì ká. Mo ní kí ọmọbìnrin kan mú fóònù rẹ̀ wá, kó ṣí kọ́ọ̀sì náà lójú mi. Itel kékeré kan ni, gíláàsì rẹ̀ ti sán láti igun kan dé èkejì. Ó ṣí i. Orúkọ kọ́ọ̀sì yọ, ọ̀sẹ̀ kìíní tẹ̀ lé e, ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ń fi àtàǹpàkò yí i lọ sísàlẹ̀, ó ń yí i, títí tó fi kanlẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kankan kò sí níbẹ̀. Èmi gan-an kò mọ ibi tí wọ́n wọlé sí. Nígbà tí mo gba fóònù náà tí mo gbé e súnmọ́ ojú ni mo rí ọfà kékeré kan létí ọ̀tún. Mo tẹ̀ ẹ́, gbogbo búlọ́ọ̀kù mi bá rọ́ jáde láti ẹ̀gbẹ́. Ọmọ náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rò pé ara ibi tó sán ni."

Kẹ́nikẹ́ni tó sọ pé mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, mo yẹ̀ ẹ́ wò o. Mo lo Switch role, mo yí ara mi padà sí akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo rẹ̀ ló hàn rekete. Ṣé kí n kó wọn dànù ni?

---

ÀgbàÌyàrà · Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Okun o, ọmọ mi. Ẹ forí jì mí, mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Nígbà tí mo rí búlọ́ọ̀kù lákòrí, mo rò pé ẹ ń kọ́lé ni, mo ti fẹ́ bi yín pé èló lẹ ń ra àpò sìmẹ́ńtì kan báyìí tí Ọ̀bàjànà wà nítòsí wa. Mo kà á dé ìsàlẹ̀, mi ò rí yanrìn, mi ò rí omi. Ẹni tó bá ráyè kó ṣàlàyé fún arúgbó.

---

AlábòójútóSáfà · Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Bàbá, ẹ kú alẹ́ sà. Búlọ́ọ̀kù tiwa kò gba sìmẹ́ńtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ṣeé tò. Moodle jẹ́ ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn iléèwé fi ń gbé ẹ̀kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Martin Dougiamas, ará Ọsirélíà, ló gbé e jáde lọ́dún 2002. Bí ẹ bá ṣí kọ́ọ̀sì kan nínú rẹ̀, àárín ojú-ewé ni ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ wà: ìwé kíkà, fídíò, ìdánwò, ibi tí wọ́n ń fi iṣẹ́ sí. Búlọ́ọ̀kù ni àpótí kéékèèké tó wà létí rẹ̀. Olùkọ́ lè fi kún un, ó lè yọ ọ́, ó lè gbé e sókè tàbí sódò bó ṣe wù ú.

Ó wá kan OlókoKàbà. Ẹ̀gbọ́n, lóòótọ́ lẹ yí ara yín padà sí akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ní láptọ́ọ̀pù lẹ yí sí. Switch role máa ń pààrọ̀ àṣẹ tó wà lọ́wọ́ yín, kì í pààrọ̀ ìwọ̀n ojú ẹ̀rọ. Láti Moodle 4.0 tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n ti kó gbogbo búlọ́ọ̀kù sínú dúrọ́ọ̀ tó wà lápá ọ̀tún. Lórí láptọ́ọ̀pù, dúrọ́ọ̀ yẹn lè wà ní ṣíṣí. Lórí fóònù, títì ló máa ń wà títí ẹnìkan yóò fi tẹ ọfà. Ṣáájú ìgbà náà, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n máa ń já sí lórí fóònù, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún, èyí tí kò sàn ju èyí lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí wọ́n ń rí láìyá fóònù ọlọ́mọ, ẹ tẹ F12 nínú Chrome, lẹ́yìn náà ẹ tẹ Ctrl, Shift àti M pọ̀. Ojú-ewé náà yóò rún wá sí ìwọ̀n fóònù.

Ìbéèrè kan: ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé, ṣé ẹ fi sínú asáínmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀?

---

OlókoKàbà · Ọjọ́ Ajé, 9:11 alẹ́

Rárá o. Inú búlọ́ọ̀kù Text ni mo kọ ọ́ sí, mo fi pupa kùn ún.

---

AlábòójútóSáfà · Ọjọ́ Ajé, 9:16 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n.

A jẹ́ pé òfìfo ni kàlẹ́ńdà yín, òfìfo ni búlọ́ọ̀kù iṣẹ́ tó ń bọ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń mú déètì ni sẹ́tín asáínmẹ́ǹtì àti kuiisi. Ẹni bá fọwọ́ kọ ọ́ sínú Text, Moodle kò mọ̀ pé déètì ni, ó rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ẹ ṣí asáínmẹ́ǹtì náà, ẹ wọ Settings, ẹ fi Due date síbẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni yóò hàn lábẹ́ orúkọ iṣẹ́ náà láàárín ojú-ewé, ní kàlẹ́ńdà, àti ní Timeline tó wà ní Dashboard tí ọmọ kọ́kọ́ ń rí bó bá wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ kọ ọ́, ibi mẹ́ta ló yọ sí.

---

OlókoKàbà · Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́

Mo lọ wò ó. Òótọ́ ni. "There are no upcoming events" ló wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ń rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. Ojú tì mí o.

---

ÀgbàÌyàrà · Ọjọ́ Ajé, 9:48 alẹ́

Ó ti wá yé mi dáadáa. Nígbà tiwa, igun òkè pátákó la máa ń kọ déètì, orúkọ kíláàsì àti iye ọmọ tó wá lọ́jọ́ náà sí. Àwọn ọmọ kì í bojú wo ibẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe nílé, àárín pátákó gan-an la ń kọ ọ́ sí, a ó fi ṣọ́ọ̀kì yí i po, a ó sì kọ "Ẹ MÁ PA Á" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa má nù ún kúrò.

Mo ti ṣe inspẹ́kítọ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí. Nítorí tèmi ni àwọn tíṣà ṣe ń kọ igun yẹn. Bí wọ́n bá gbúròó mọ́tò wa lójú ọ̀nà, ṣọ́ọ̀kì á ti wà lọ́wọ́ wọn. OlókoKàbà, ta lẹ kọ búlọ́ọ̀kù méje yẹn fún? Mo bi yín torí mo rí i pé ìyàwó yín ló yìn ín.

---

ÌyáÌbejìÌsánlú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:22 àárọ̀

Bàbá ti pa mí lẹ́rìn-ín láàárọ̀ yìí.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ń fi ara yín wàhálà? Iléèwé girama ni mo ń kọ́ni ní Ìsánlú. WhatsApp ni mo fi ń bá àwọn ọmọ àti òbí sọ̀rọ̀, Google Classroom ni mo fi ń gba iṣẹ́. Stream wà, Classwork wà, People wà, ó parí. Kò sí búlọ́ọ̀kù tí ẹnìkan máa tò. Ẹ̀yin tí ẹ ní ibi tí ẹ lè fi ẹ̀ṣọ́ sí, ẹ̀ṣọ́ ló ń kó bá yín.

---

AlábòójútóSáfà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:03 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ ò jìnnà sí òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wo WhatsApp kíláàsì yín, kí ẹ wá iṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Lábẹ́ "ẹ kú oríire ọjọ́ ìbí" mélòó lẹ ti hú u jáde?

---

ÌyáÌbejìÌsánlú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 àárọ̀

Mo gbà. Lábẹ́ ọjọ́ ìbí, àdúrà àárọ̀, àti ẹnìkan tó ń ta gaàrí.

---

ỌmọBùnú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:35 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mi ò sí nínú kọ́ọ̀sì yín sà, ṣùgbọ́n a ní irú rẹ̀ níbi tí mo wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń lò ó. A kì í wọ ojú-ewé kọ́ọ̀sì kí a máa wò ó kiri. Ohun kan ni a bá wọlé, bíi kí n gba nóòtì tàbí kí n mọ ọjọ́ tẹ́ẹ̀sì. Dátà ń ká. Bí mo bá ti rí ohun tí mo wá, mo ti jáde nìyẹn. Ohunkóhun tí mo bá ní láti tẹ nǹkan kí n tó rí, bí ẹni kò sọ fún mi pé ó wà níbẹ̀, kò sí níbẹ̀ lójú tèmi.

Èkejì ni fọ́tò. Lẹ́kíṣọ̀rà wa kan ya fọ́tò ilẹ̀ mẹ́sàn-án pẹ̀lú fóònù rẹ̀, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú-ewé kan ṣoṣo bí wọ́n ṣe rí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi 4 MB. Kí ẹni tó ṣí i tó rí ìlà àkọ́kọ́, 36 MB ti lọ. Lábúlé wa ní Bùnú, ẹ̀gbẹ́ igi ọsàn kan lẹ́yìn ilé ìyá àgbà mi ni mo ti ń rí nẹ́tíwọ̀kì, mo máa dúró, mo máa gbé ọwọ́ sókè. Ẹ wo èèyàn tó dúró báyẹn tó ń dúró de fọ́tò ilẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé orí ilẹ̀ náà ló dúró sí.

Ohun tó gbà mí ni app Moodle. Bí mo bá wà ní iléèwé, mo máa ń gba àwọn Page àti fáìlì sílẹ̀ sínú rẹ̀. Bí mo bá délé, mo ń kà á láìsí nẹ́tíwọ̀kì. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá fi sínú Page máa ń bá mi délé.

---

ÒgìdìNíJámánì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Okun gbogbo yín o. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe jẹun níbí, ẹ gbà mí láyè kí n gbèjà búlọ́ọ̀kù díẹ̀, torí ó dà bíi pé ẹ ti fẹ́ sin ín láàyè.

Búlọ́ọ̀kù kò ní ẹ̀bi. Ẹ̀bi wà nínú ohun tí a fi sí i. Ọmọ gbọ́dọ̀ rí déètì, kò sí ẹni tó ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Ohun tí yóò dùn mọ́ ẹni tó bá rí i, tí ẹni tí kò rí i kò ní pàdánù máàkì, ìyẹn ló bá búlọ́ọ̀kù mu.

Mo fún yín ní ọ̀kan. Búlọ́ọ̀kù kan wà tí wọ́n ń pè ní Random glossary entry. Ẹ kọ́kọ́ dá Glossary sílẹ̀ nínú kọ́ọ̀sì, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ wọn, èyí tí àwọn ọmọ fúnra wọn lè fi ọ̀rọ̀ kún. Lẹ́yìn náà ẹ so búlọ́ọ̀kù náà mọ́ ọn. Ẹ sọ fún un pé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó ni kó máa mú ọ̀rọ̀ tuntun, àti bí yóò ṣe mú un, bóyá lẹ́sẹẹsẹ tàbí bó bá ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́. Kíláàsì yín kún fún ọmọ Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n mú orúkọ koríko, irúgbìn àti oríṣi ilẹ̀ wá bí wọ́n ṣe ń pè é nílé bàbá wọn, kí wọ́n fi fọ́tò kékeré tì í. Ọ̀rọ̀ kan lóòjọ́.

Nítorí Bàbá Ìyàrà, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: Dougiamas tó dá Moodle sílẹ̀, nígbà tó wà lọ́mọdé, ibi tí wọ́n ń gbé ní aṣálẹ̀ Ọsirélíà jìnnà síléèwé débi pé orí rédíò ló ti ń gba ẹ̀kọ́. Ó mọ igi ọsàn ỌmọBùnú dáadáa.

---

OlókoKàbà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:30 alẹ́

Mo dúpẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Bàbá wọ̀ mí lára jù, mi ò lè purọ́, ẹni tó ń bọ̀ wá yẹ iléèwé wa wò ló wà lọ́kàn mi nígbà tí mo ń to àwọn nǹkan yẹn.

Mo fẹ́ kó nǹkan padà sáàárín. Ibo ni kí n kó wọn sí gan-an? Mo rí Page, mo rí Book, mo rí "Text and media area". Gbogbo wọn jọra lójú mi.

---

AlábòójútóSáfà · Ọjọ́rú, 10:12 alẹ́

Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ẹ má bínú.

Text and media area ni èyí tí a ń pè ní Label tẹ́lẹ̀. Kò ní ojú-ewé tirẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ sí i yóò hàn ní tààrà lójú kọ́ọ̀sì, ọmọ kò ní tẹ ohunkóhun. Òun ni ṣọ́ọ̀kì tí Bàbá fi yí iṣẹ́ po. Ẹ fi ẹyọ kan sókè pátápátá: "Lọ́sẹ̀ yìí: ẹ ka èyí, ẹ ṣe èyí, ó parí lọ́jọ́ báyìí." Ìlà mẹ́ta, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Bí ẹ bá kọ ọ́ gùn, wọ́n á máa yí i kọjá bí wọ́n ṣe ń yí gbogbo nǹkan kọjá.

Page jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo lójú kọ́ọ̀sì. Ọmọ tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, ó kà á tán. Nóòtì ọ̀sẹ̀ kan bá a mu. Book ní orí àti ìsọ̀rí, ọmọ sì lè tẹ gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dára fún ìwé gígùn tí wọ́n máa lò títí sáà á fi parí. Ṣùgbọ́n lórí nẹ́tíwọ̀kì wa, gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ṣí orí tuntun nínú bíráúsà ló tún ń dúró de kó wọlé. Mo ti rí Book tó ní orí 22, tí ìpínrọ̀ kan ṣoṣo wà nínú orí kọ̀ọ̀kan. Ìyà ni ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò tí ỌmọBùnú sọ, ẹ mú un ní pàtàkì. Ẹ dín in kù kí ẹ tó gbé e sókè, 150 KB tó fún fọ́tò tí wọ́n máa wò lórí fóònù. Mẹ́sàn-án rẹ̀ kò ní pé 1.5 MB.

Nínú búlọ́ọ̀kù méje yín, ẹ yọ Online users kúrò. Àwọn tó wọlé láàárín ìṣẹ́jú 5 sẹ́yìn ló ń kà bí a kò bá yí i, kò sì sí ohun tí ọmọ yín máa fi ìyẹn ṣe. Gbogbo búlọ́ọ̀kù tó wà lójú-ewé ni sáfà, ẹ̀rọ tí Moodle ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ní láti wá ohun inú rẹ̀ jáde bí ẹnìkan bá ṣí i. Èmi tí mò ń bójú tó sáfà ni mo ń bẹ̀ yín. Kàlẹ́ńdà lè dúró níwọ̀n ìgbà tí déètì ti wà nínú rẹ̀. Àwọn Text méjì àkọ́kọ́, ẹ kó ọ̀rọ̀ inú wọn wá sáàárín. Èyí tó ní wákàtí ọ́fíìsì, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ wọ Configure rẹ̀, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "Display on page types" sí. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ojú kọ́ọ̀sì nìkan ni yóò ti hàn. Bí ẹ bá mú "Any page", yóò bá wọn wọ inú Page àti asáínmẹ́ǹtì pẹ̀lú. Weight tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ń pinnu èwo ló máa wà lókè: láti -10 dé 10, èyí tó kéré ló ń lọ sókè.

---

ÌyáÌbejìÌsánlú · Ọjọ́bọ̀, 5:58 àárọ̀

Mo ti ń kọ gbogbo èyí sílẹ̀ o. Wọ́n fún wa ní Moodle níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tíṣà kan tí mo lọ, àmọ́ Edit mode kò yọ sí mi rárá. Mo wá a títí. Ẹni tó ń kọ́ wa ní kí n tún fóònù mi tàn.

---

AlábòójútóSáfà · Ọjọ́bọ̀, 6:15 àárọ̀

Fóònù yín kò ṣe nǹkan kan, mà. Ó jọ pé wọ́n fi yín sílẹ̀ bíi Non-editing teacher. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lè fún ọmọ ní máàkì, kò lè fọwọ́ kan ojú kọ́ọ̀sì. Ẹ ní kí wọ́n sọ yín di Teacher.

---

OlókoKàbà · Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Mo padà dé, ẹ má rò pé mo gba ìmọ̀ràn tán mo sá lọ.

Iṣẹ́ kejì ti wọlé: 118 nínú 140. Mi ò ní sọ pé ìlà mẹ́ta yẹn nìkan ló ṣe é, mo pariwo ní kíláàsì náà. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ni Itel yẹn wá bá mi, ó ní òun kò ní láti wá nǹkan mọ́. Ọmọkùnrin kan sì bẹ̀ mí pé kí n má pààrọ̀ ìlà mẹ́ta náà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí n dúró di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, torí bó bá rí i lálẹ́ kì í lè sùn.

Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ló kù: kàlẹ́ńdà, wákàtí ọ́fíìsì, àti ọ̀rọ̀ òòjọ́. Èyí ìkẹyìn yẹn ló yà mí lẹ́nu. Mo fi ìlà kan sí àárín ojú-ewé pé kí wọ́n tẹ ọfà ọ̀tún kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ òní. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ láìsọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ 64 ló ti wọlé. Lọ́jọ́ tí koríko kan yọ, koríko tó ń bo oko tí a bá fi sílẹ̀ fún sáà kan, ọmọ kan ti kọ ọ́ ní Akíntọ́lá. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pè é nílé àwọn. Mo wọ kíláàsì, mo bá wọn lẹ́nu rẹ̀, àwọn tí kò sọ̀rọ̀ rí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ń dìde. Mo kọ Chromolaena odorata sójú pátákó kí n lè là wọ́n. Wọn ò dá mi lóhùn.

---

ÒgìdìNíJámánì · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí orúkọ méjèèjì wà níbẹ̀ o. Glossary ní ibi tí ẹ lè kọ orúkọ mìíràn sí lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, Keywords ni wọ́n pè é.

---

ÌyáÌbejìÌsánlú · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:44 alẹ́

Wọ́n ti sọ mí di Teacher! Ẹ̀gbọ́n OlókoKàbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kọ́ọ̀sì yín kí n wò ó kọ́ bí mo ṣe máa to tèmi. Àbí orúkọ àti máàkì àwọn ọmọ yín yóò bá a wá?

---

OlókoKàbà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:15 alẹ́

Mo ti ṣe Backup rẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà kọ́ọ̀sì náà nínú fáìlì kan, mo fi "Include blocks" sílẹ̀ bó ṣe wà. Fáìlì .mbz náà wà nínú ímeèlì yín. Mi ò rí ibi tí mo ti lè kó orúkọ àwọn ọmọ mọ́ ọn.

---

ÌyáÌbejìÌsánlú · Ọjọ́ Àìkú, 3:10 ọ̀sán

Ó wọlé, ó sì dára. Àmọ́ Glossary rẹ̀ ṣófo, búlọ́ọ̀kù ọ̀rọ̀ òòjọ́ náà kò sì sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ 64 tí ẹ ń fọ́nnu rẹ̀ dà?

---

AlábòójútóSáfà · Ọjọ́ Àìkú, 3:41 ọ̀sán

Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, mà. Bí kì í bá ṣe pé alábòójútó fún olùkọ́ láṣẹ, Backup rẹ̀ kì í kó ohun tí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn fi síbẹ̀ mọ́ra, ọ̀rọ̀ inú Glossary sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọ inú Glossary náà, ẹ mú Export entries, yóò fún yín ní fáìlì XML kan. Kí màmá lo Import entries lọ́dọ̀ tiwọn, lẹ́yìn náà kí wọ́n wọ Configure búlọ́ọ̀kù náà kí wọ́n tún un so mọ́ Glossary tuntun.

---

ÌyáÌbejìÌsánlú · Ọjọ́ Ajé, 11:27 àárọ̀

Ó ti ṣiṣẹ́. Akíntọ́lá ló kọ́kọ́ yọ. SS2 mi ti pín sí méjì, agogo ìsinmi ti dún, kò sí ẹni tó jáde.